Ṣé eléré lè fi ẹ̀hónú hàn níbi ìdíje àgbáyé?

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, Victor Osimhen gbá góòlù rẹ̀ àkọ́kọ́ sáwọ̀n fún Napoli nínú líìgì Ítálì. Bó ṣe gbá a wọlé, ó na ẹ̀wù funfun kan sókè tí wọ́n kọ sí lára pé kí ìwà ìkà ọlọ́pàá dópin ní Nàìjíríà. Ọ̀sẹ̀ kan péré ṣáájú ọjọ́ yẹn ni ìbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan níbi ìwọ́de EndSARS ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, wàhálà ti wọ ààfin Ṣọ̀ún. Ẹni tó bá wà nílùú nígbà náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé wa gan-an ni Osimhen gbé sókè nílẹ̀ òkèèrè.

Iyàn tó tẹ̀lé e kò tíì tán. Ẹ jókòó síbi tí wọ́n ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù ní Under G tàbí ní Tákìé, kí ẹ kàn dárúkọ ẹ̀wù yẹn, ẹ ó gbọ́ ọ. Ẹnìkan á ní FIFA kò fẹ́ òṣèlú nínú bọ́ọ̀lù, kí ló dé tí wọn ò fìyà jẹ ẹ́? Òmíràn á ní Kanouté, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Mali, ṣe irú rẹ̀ ní Sípéènì ní 2009, ó ká jẹ́sì sókè kí wọ́n lè rí “Palestine” lára ẹ̀wù abẹ́, wọ́n sì gba owó ìtanràn nǹkan bí 3,000 yúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta á mú àwọn asáré Amẹ́ríkà méjì ayé àtijọ́ wá, àwọn tó na ìkúùkù sókè, tí “wọ́n gba góòlù lọ́wọ́ wọn.” Kí wọ́n tó padà láti ìsinmi ìlàjì, ohùn ti ga, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí òun ń gbèjà mọ́.

Ohun tó ń da orí wa rú ni pé à ń wá òfin kan ṣoṣo tó kárí gbogbo rẹ̀. Kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀. Èyí tó wà, ilẹ̀ àti àkókò ló ń wò: ta ló ni ibi tí eléré dúró sí, wákàtí wo ló sì dúró síbẹ̀? Ohun tí èèyàn lè fi igbe sọ ní Ọjà Jagun láìsí ẹni tó máa bi í léèrè, tó bá fi igbe sọ ọ́ nínú ààfin, ẹjọ́ dé nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà ni. IOC tó ń ṣàkóso Òlíńpíìkì ní ilẹ̀ tirẹ̀, FIFA ní tirẹ̀, líìgì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo wọn, ìjọba ilé wà níbẹ̀ tó ń retí kí ọmọ rẹ̀ padà dé.

Òfin 50

Òlíńpíìkì ni òfin rẹ̀ hàn kedere jù. Nínú ìwé òfin Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì Àgbáyé, ìyẹn IOC, Òfin 50 sọ pé àwọn kò gba ìfẹ̀hónúhàn láyè, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gba ìpolongo òṣèlú, ti ẹ̀sìn tàbí ti ẹ̀yà, níbikíbi tó bá jẹ́ ti Òlíńpíìkì. Ẹni tó bá ka ibẹ̀ nìkan á rò pé wọ́n ti dí eléré lẹ́nu pa. Ṣùgbọ́n ní oṣù Keje ọdún 2021, kí ìdíje Tokyo tó bẹ̀rẹ̀, IOC gbé ìlànà kan jáde tó tú okùn náà díẹ̀. Eléré lè sọ tinú rẹ̀ fún oníròyìn. Ó lè kọ ọ́ sórí ìkànnì ayélujára rẹ̀. Ó tilẹ̀ lè ṣe àmì lórí pápá kí eré tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ń dárúkọ rẹ̀ fún òǹwòran, bí àjọ eré ìdárayá tirẹ̀ kò bá kà á léèwọ̀. Èyí tó ṣì jẹ́ èèwọ̀ ni orí pèpéle tí wọ́n ti ń gba àmì-ẹ̀yẹ, àárín ìdíje gan-an, ayẹyẹ ìṣíde àti ti ìparí, àti ibùgbé àwọn eléré.

Májẹ̀mú kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà: àmì tí eléré bá ṣe lórí pápá kò gbọdọ̀ dojú kọ ẹnì kan, àjọ kan tàbí orílẹ̀-èdè kan, ní tààrà tàbí ní ẹ̀bùrú. Ẹ gbé e wo. Eléré tó bá kúnlẹ̀ nítorí ẹlẹ́yàmẹ̀yà, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ó lè lọ ní àlàáfíà. Ká ní ẹ̀wù Osimhen ló gbé wọ pápá Òlíńpíìkì, “Nàìjíríà” tó wà lára ẹ̀wù náà ti sọ ọ́ di ẹjọ́. Lójú tèmi, ibi tí òfin yìí ti kù díẹ̀ káàtó nìyẹn, torí ẹni tí wọ́n ń lù nílé rẹ̀ kò lè ṣe kó má dárúkọ ilé.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Keje 2021, àwọn agbábọ́ọ̀lùbìnrin Britain àti Chile kúnlẹ̀ kí fèrè tó dún ní Japan. Amẹ́ríkà àti Sweden náà kúnlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kò sí ẹjọ́, torí wọ́n dúró sí ilẹ̀ tí òfin ṣí sílẹ̀. Nígbà tó yá, Raven Saunders tó gba fàdákà nínú jíju irin fún Amẹ́ríkà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè lórí pèpéle, ó gbé wọn kọjá ara wọn. Ó ní àmì náà dúró fún ibi tí gbogbo ẹni tí ayé ń ni lára ti pàdé. Pèpéle ni, IOC sì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ikú ìyá rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n dá ìwádìí náà dúró.

Ní Paris ní 2024, Manizha Talash, ọmọ Afghanistan tó ń jó bréèkì lábẹ́ àsíá àwọn tí ogun lé kúrò nílé, tú aṣọ kan sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tó ń pè fún òmìnira àwọn obìnrin ilẹ̀ rẹ̀. Àárín ìdíje ló ti ṣe é. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìdíje, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti borí rẹ̀ nínú ijó náà tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Vladyslav Heraskevych ló ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù. Eléré orí yìnyín ni, ará Ukraine. Ní Beijing, oṣù Kejì 2022, kò tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ogun tó wọ ilẹ̀ wọn, ó na ìwé kan sí kámẹ́rà pé òun kò fẹ́ ogun ní Ukraine. IOC ní ìpè fún àlàáfíà lásán ni, ọ̀rọ̀ parí. Ní ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní Milano Cortina, ó fẹ́ fi akoto tí wọ́n ya àwòrán àwọn eléré tí ogun náà pa sí lára díje. Wọ́n ní kó wọ báńdì dúdú sápá dípò rẹ̀, ó kọ̀, wọ́n sì yọ ọ́. Ọkùnrin kan náà, ogun kan náà. Ìwé ti àkọ́kọ́, ẹ̀yìn ìgbà tó ti sáré tirẹ̀ tán ló gbé e jáde, akoto sì jẹ́ ohun tó fẹ́ gbé wọ inú eré.

Ẹ kíyè sí i pé Òfin 50 kò sọ iye ìyà. Kò sọ pé ẹni tó bá ṣe báyìí yóò lọ rọ́ọ́kún nílé fún oṣù báyìí. Ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dá lọ́tọ̀, àjọ Òlíńpíìkì orílẹ̀-èdè eléré náà sì máa ń dá sí i. Nígbà tí ìyà kò bá ní ìwọ̀n, ojú ni wọ́n máa fi wọ̀n ọ́n.

Mexico City, 1968

Ibẹ̀ ni gbogbo iyàn yìí máa ń padà sí, èyí tí ọ̀pọ̀ wa sì gbọ́ nípa rẹ̀ kò pé. Ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ni, eré sísá 200 mítà. Tommie Smith ti Amẹ́ríkà ló gbégbá orókè, ó sá a ní ìṣẹ́jú-àáyá 19.83. Peter Norman, òyìnbó ará Australia, ṣe ipò kejì, John Carlos tí òun náà jẹ́ ará Amẹ́ríkà sì ṣe ipò kẹta. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gba àmì-ẹ̀yẹ, Smith àti Carlos bọ́ bàtà, wọ́n fi ìbọ̀sẹ̀ dúdú nìkan rìn lọ síbẹ̀, kí ayé lè rí ìṣẹ́ tó ń bá àwọn aláwọ̀ dúdú fínra nílẹ̀ wọn. Àwọn méjèèjì fẹ́ wọ ìbọ̀wọ́ dúdú, ṣùgbọ́n Carlos ti gbàgbé tirẹ̀. Norman ló dá a lábàá pé kí wọ́n pín ti Smith lò. Ìdí nìyẹn tí ẹnìkan fi na ọ̀tún, tí ẹnì kejì na òsì. Norman fúnra rẹ̀ lẹ báàjì ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn eléré mọ́ àyà bíi tiwọn. Bí orin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ṣe bẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì dorí kodò, ìkúùkù lọ sókè.

Ààrẹ IOC nígbà náà ni Avery Brundage, ará Amẹ́ríkà bíi tiwọn. Ó fárígá pé àfi kí wọ́n lọ. Àjọ Òlíńpíìkì Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fẹ́ fi ìbáwí ẹnu lásán yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ìgbà tí wọ́n gbọ́ pé gbogbo ikọ̀ wọn lè bá a lọ ni wọ́n dá àwọn méjèèjì dúró, tí wọ́n sì ní kí wọ́n máa lọ sílé. Àmọ́ kò sí ẹni tó gba àmì-ẹ̀yẹ lọ́wọ́ wọn. Wúrà Smith dúró, idẹ Carlos dúró. Ẹni tó bá tún sọ pé wọ́n gbà á, ẹ dá a lóhùn.

Ilé ni ìyà ti bá wọn. Wọ́n ń fi ikú halẹ̀ mọ́ wọn, iṣẹ́ kò ṣeé rí bọ̀rọ̀. Ní ti Norman, àkókò tó fi sáré lọ́jọ́ yẹn, 20.06, kò sí ará Australia tó sá a jù bẹ́ẹ̀ lọ títí di oṣù Kejìlá 2024, nígbà tí ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Gout Gout fi 20.04 ré e kọjá. Síbẹ̀, Australia kò mú Norman lọ sí Munich ní 1972. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ní kì í ṣe nítorí báàjì. Nígbà tó kú ní 2006, Smith àti Carlos wọkọ̀ òfuurufú lọ gbé pósí rẹ̀. Ní 2012, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Australia tọrọ àforíjì lẹ́yìn òkú.

Ní Mexico kan náà, Věra Čáslavská, ọmọ Czechoslovakia tó ń ṣe jimnásíìkì, yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí pèpéle nígbà tí orin Soviet ń dún, torí ọmọ ogun Soviet ti ya wọ ilẹ̀ wọn ní oṣù Kẹjọ ọdún náà. IOC kò wí nǹkan kan. Ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ ló sọ ọ́ di ẹni ẹ̀yìn fún ọdún pípẹ́. Pèpéle kan náà ni wọ́n dúró lé o. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ti Smith àti Carlos dójú ti orílẹ̀-èdè tó lágbára, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ariwo. Ti Čáslavská kò pariwo, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe bí ẹni tí kò rí i lè ṣe bẹ́ẹ̀.

(Kí ọdún 1968 yẹn tó parí, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa náà ti gbéra nítorí owó orí, Àgbẹ́kọ̀yà nìyẹn. Rògbòdìyàn náà ló gba ẹ̀mí Ṣọ̀ún tó wà lórí oyè ní 1969. Àwọn àgbà ìlú yìí kò nílò kí ẹnikẹ́ni láti Mexico wá ṣàlàyé fún wọn bí ìbínú ará ìlú ṣe ń rí.)

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, Vince Matthews àti Wayne Collett gba wúrà àti fàdákà 400 mítà fún Amẹ́ríkà ní Munich. Wọn kò na ìkúùkù. Wọ́n kàn dúró gẹ̀lẹ̀tẹ̀, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí orin ń lọ. IOC ní àwọn kò gbọdọ̀ rí wọn ní Òlíńpíìkì mọ́ láé.

Ti bọ́ọ̀lù yàtọ̀

Òfin bọ́ọ̀lù jẹ́ 17. Òfin kẹrin, tó dá lórí ohun tí agbábọ́ọ̀lù ń wọ̀, ló kan ọ̀rọ̀ yìí: jẹ́sì kò gbọdọ̀ ní ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán òṣèlú, ti ẹ̀sìn tàbí ti ara ẹni, agbábọ́ọ̀lù kò sì gbọdọ̀ ṣí ẹ̀wù abẹ́ tó ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ síta. Òfin kejìlá ló ní yẹ́lò káàdì ni fún ẹni tó bá bọ́ jẹ́sì láti yọ̀, ohun yòówù kó wà lábẹ́ rẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ ara lásán.

Àpẹẹrẹ tó là á yé mi jù ni ti Dortmund ní ìparí oṣù Karùn-ún 2020, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ọlọ́pàá pa George Floyd ní Amẹ́ríkà. Jadon Sancho gbá góòlù, ó bọ́ jẹ́sì, wọ́n rí ọ̀rọ̀ ìdájọ́ òdodo fún Floyd lára ẹ̀wù abẹ́. Rẹfirí fún un ní yẹ́lò. Achraf Hakimi gbá tirẹ̀ nínú ìdíje kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lára tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò bọ́ jẹ́sì, ó kàn ká a sókè ni. Kò gba káàdì. Àwọn kan rò pé rẹfirí ń ṣègbè. Jẹ́sì tó kúrò lọ́rùn ni rẹfirí fìyà jẹ, ẹjọ́ ọ̀rọ̀ tó wà lára ẹ̀wù jẹ́ ti àjọ Jámánì. Àjọ náà sì wò ó, ó ní òun kò ní fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. FIFA fúnra rẹ̀ sọ lọ́sẹ̀ yẹn pé kí àwọn tó ni ìdíje fi ọgbọ́n orí ṣe é.

Nípa bẹ́ẹ̀, ti Osimhen yé wa. Ọwọ́ ló fi gbé ẹ̀wù náà sókè, kò sí lára rẹ̀, kò sì bọ́ jẹ́sì. Líìgì Ítálì ló ni ilẹ̀ tó dúró lé, nǹkan bí oṣù márùn-ún lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Floyd sì ni. Kanouté dúró sí ilẹ̀ Sípéènì ní 2009, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì máa sọ̀rọ̀ ọgbọ́n orí. Mo gbà pé àánú tó ṣe ayé fún Floyd kò ṣe wọ́n fún Gaza. Ìyẹn náà wà nínú ọ̀rọ̀ náà, bí òfin kò tilẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀.

Ní Qatar ní 2022, balógun ikọ̀ méje láti Yúróòpù ti ṣètò láti wọ báńdì OneLove sápá, èyí tó ń tako ìyàsọ́tọ̀. FIFA, tó ni ìdíje náà, jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé yẹ́lò lè bá ẹni tó bá wọ̀ ọ́. Gbogbo wọn bọ́ ọ sílẹ̀. Àwọn Jámánì wá fi ọwọ́ bo ẹnu nígbà tí wọ́n ń ya fọ́tò kí wọ́n tó kojú Japan, ẹnikẹ́ni kò sì fìyà jẹ wọ́n torí ọwọ́ kì í ṣe jẹ́sì. (Japan lù wọ́n 2-1, àwọn èèyàn kò sì jẹ́ kí wọ́n gbàgbé.) Ní AFCON tí wọ́n ṣe ní Ivory Coast ní oṣù Kejì 2024, àwọn agbábọ́ọ̀lù Congo DR ṣe ohun tó jọ ọ́ kí wọ́n tó gbá ìpele tó kángun sí àṣekágbá: ọwọ́ kan bo ẹnu, ìka ọwọ́ kejì dà bí ìbọn lẹ́bàá orí, nítorí ìpakúpa tó ń lọ ní ìlà oòrùn ilẹ̀ wọn tí ayé kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Àsìkò orin orílẹ̀-èdè ni, fèrè kò tíì dún, kò sì sí lẹ́tà kankan lára ẹnikẹ́ni. Ẹni tó kọ́ wọn mọ òfin.

Nígbà tó bá jẹ́ ìjọba ló bínú

Àwọn èèyàn máa ń da èyí pọ̀ mọ́ ti eléré, bẹ́ẹ̀ ọ̀tọ̀ ni. Tí orílẹ̀-èdè bá ní òun kò lọ sí ìdíje, ìjọba ló ṣe ìfẹ̀hónúhàn, eléré kàn ń san gbèsè rẹ̀ ni. Àwa ọmọ Nàìjíríà mọ èyí dáadáa. Ní 1976, ikọ̀ rugby New Zealand lọ gbá eré ní South Africa tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ń ṣàkóso, ọdún tí wọ́n yìnbọn fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Soweto náà ni. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní kí IOC lé New Zealand kúrò ní Montreal. IOC fèsì pé rugby kò sí nínú Òlíńpíìkì, kò kan òun. Ó lé ní 20 orílẹ̀-èdè tó kó ẹrù wọn kúrò, Nàìjíríà wà lára wọn.

Àbájáde rẹ̀? Filbert Bayi ti Tanzania, ẹni tí kò sí ẹni tó yára tó o nínú 1500 mítà láyé nígbà náà, kò bá John Walker ti New Zealand díje. Walker gba wúrà. Charlton Ehizuelen tiwa, tí wọ́n ń retí pé ó lè gba àmì-ẹ̀yẹ nínú fífò jìnnà, kò fò rárá. Ní 1978, Nàìjíríà tún kọ̀ láti lọ sí Commonwealth ní Edmonton. Ní 1986, nígbà tí Thatcher, olórí ìjọba Britain, kọ̀ láti fìyà ọrọ̀ ajé jẹ South Africa, Nàìjíríà àti Ghana ló ṣáájú àwọn tó ní àwọn kò lọ sí Edinburgh. Orílẹ̀-èdè 32 nínú 59 ló jókòó sílé.

Mo mọ àwọn tó ń sọ pé òfo ni gbogbo rẹ̀. N kò gbà. IOC ti lé South Africa ní 1970, FIFA sì lé e ní 1976. Àwọn òyìnbó ilẹ̀ náà fẹ́ràn eré ìdárayá gan-an, ó dùn wọ́n pé ẹnikẹ́ni kò bá wọn gbá. Nígbà tí wọ́n padà dé ní Barcelona ní 1992, Derartu Tulu ti Ethiopia gba wúrà 10,000 mítà, Elana Meyer, òyìnbó South Africa, sì ṣe ìkejì. Àwọn méjèèjì di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n sá yí pápá ká. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dá ọdún 1976 padà fún Ehizuelen, èmi ò sì rò pé ẹnikẹ́ni bi í léèrè kí wọ́n tó pinnu.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń rí wa fà. Ní 1980, Ààrẹ Carter rán Muhammad Ali wá sí Áfíríkà, ó dé Nàìjíríà náà, pé kí a má lọ sí Moscow nítorí ogun Afghanistan. Nàìjíríà lọ. Amẹ́ríkà tó ní kí a bá òun bínú kò bá wa bínú ní 1976.

Nígbà tí FIFA bá sì sọ pé kí òṣèlú jìnnà sí bọ́ọ̀lù, ọwọ́ ìjọba ló ń sọ jù. Ẹ rántí 2010: Ààrẹ Jonathan ní Nàìjíríà kò ní gbá bọ́ọ̀lù àgbáyé fún ọdún méjì, FIFA halẹ̀, ó yí i padà. Ní oṣù Keje 2014, FIFA dá wa dúró fún ọjọ́ díẹ̀ torí wọ́n da àwọn alákòóso NFF, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, nù. Kò sí agbábọ́ọ̀lù kankan tó ṣẹ̀ nínú rẹ̀.

Ta ló ń san án?

Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe IOC tàbí FIFA ló yẹ kí eléré bẹ̀rù. Feyisa Lilesa ti Ethiopia ṣe ìkejì nínú máráthọ́ọ̀nù Rio ní 2016, ó gbé ọwọ́ méjèèjì kọjá ara wọn lókè orí bó ṣe ń wọ òpin eré, nítorí àwọn ẹ̀yà Oromo tí ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ ń pa. IOC kò gba fàdákà rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé tí òun bá padà sílé, wọ́n lè pa òun tàbí kí wọ́n sọ òun sẹ́wọ̀n. Ó dúró sí Amẹ́ríkà títí di oṣù Kẹwàá 2018, nígbà tí ìjọba ti yí padà. Henry Olonga àti Andy Flower wọ báńdì dúdú ní Harare níbi ìdíje kríkẹ́ẹ̀tì àgbáyé 2003, wọ́n ní àwọn ń ṣọ̀fọ̀ ìjọba tiwantiwa ní Zimbabwe. Wọ́n fi ikú halẹ̀ mọ́ Olonga, ó fi ìlú sílẹ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù Iran pa ẹnu mọ́ nígbà tí orin orílẹ̀-èdè wọn ń dún kí wọ́n tó kojú England ní Qatar. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, kí wọ́n tó kojú Wales, wọ́n kọ ọ́. Kí ẹ tó bú wọn, ẹ rántí pé ìyá àti àbúrò wọn wà nílé.

Èyí tó wá wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa kò ní orin tàbí ìkúùkù nínú. Owó ni. Super Falcons gba ife Áfíríkà ní Cameroon ní 2016, wọ́n dé Abuja, wọn kò rí owó àjẹmọ́nú wọn. Wọ́n kọ̀ láti kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì. Lọ́jọ́ tí Ààrẹ Buhari gbé ìsúná 2017 lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n gbé páálí lọ síbẹ̀. Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ ní South Africa ní 2004, wọ́n tún ṣe é ní France ní 2019. Ní Tokyo, àjọ tó ń bójú tó oògùn olóró nínú eré orí pápá yọ eléré Nàìjíríà 10 kúrò torí wọn kò ṣe iye àyẹ̀wò tó yẹ kí wọ́n ṣe kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ẹ̀bi àwọn alákòóso ni. Àwọn ọmọ náà gbé páálí jáde ní Japan, wọ́n ń béèrè ìdí tí àwọn fi máa jìyà àìbìkítà ẹlòmíràn. Òfin 50 kò bá wọn wí.

Ìgbà kan wà tí àwọn aláṣẹ gbè sẹ́yìn irú wọn. Ní oṣù Kẹwàá 2024, wọ́n darí bàálù Super Eagles kúrò ní Benghazi lọ sí pápákọ̀ òfuurufú kékeré kan ní Libya, wọ́n sùn sórí àga síbẹ̀. William Troost-Ekong tó jẹ́ balógun ní àwọn kò gbá mọ́, wọ́n sì wá sílé. Òfin ìdíje ní ẹni tí kò bá wá gbá ti pàdánù. CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, gbọ́ ẹjọ́, ó fún Nàìjíríà ní góòlù mẹ́ta sí òdo, ó sì ní kí Libya san 50,000 dọ́là.

Ìbéèrè kan kù tí mo máa ń gbọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, pàápàá láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ Yorùbá Nation ti gbòde: ṣé òǹwòran lè na àsíá Yorùbá sókè ní Òlíńpíìkì? Ní Paris ní 2024, àsíá orílẹ̀-èdè tó ń kópa nìkan ni wọ́n gbà wọlé. Ẹni tó bá gbé òmíràn dání, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà á gbà á. Wọ́n gba aṣọ tí wọ́n kọ orúkọ Taiwan sí lọ́wọ́ àwọn kan. Ṣùgbọ́n Cathy Freeman, ọmọ ìbílẹ̀ Australia, gba wúrà 400 mítà ní Sydney ní 2000, ó gbé àsíá Australia àti ti àwọn ìbílẹ̀ papọ̀, ó fi sáré yí pápá ká. Ìkejì kì í ṣe àsíá orílẹ̀-èdè kankan tó ń kópa níbẹ̀. Ní ọdún mẹ́fà ṣáájú, nígbà tó gbé e ní Commonwealth ní Kánádà, olórí ikọ̀ Australia ti bá a wí. Ní Sydney, gbogbo pápá dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ìlú tirẹ̀ ló wà, òun náà ló sì tanná Òlíńpíìkì yẹn.